Ẹran Ńlá Nínú Àwo Mi

Ní agboolé wa ní Ìwó, ariwo la fi ń mọ̀ pé ara gbogbo ilé le. Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ Ìyá Kárímù, ìyàwó kejì bàbá mi, á ti máa ha ojúde wòrò-wòrò. Búta àlùwàlá á máa dún gbọ̀n-ọ́n lórí òkúta. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi, Làmídì Télọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á dúró kí wọ́n fi eyín já òwú, á tún sáré lọ. Ohùn Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró, ìyá tó bí bàbá mi, á wá gorí gbogbo rẹ̀ bí epo ṣe ń gorí omi: "Mòríámọ̀! Ṣé ìgbín lo gùn lọ sódò ni?" Èmi ni Mòríámọ̀. Wọ́n á bú mi nítorí omi, wọ́n á bú mi nítorí búta tí mi ò fọ̀, wọ́n á bú mi nítorí òkúta tí eyín bàbá mi bá pàdé nínú ẹ̀wà tí èmi àti Àǹtí Ráfátù ṣà. Àǹtí Ráfátù ni àkọ́bí ìyá mi, èmi ni mo tẹ̀lé e. Ó ní sùúrù jù mí lọ, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ, torí náà òkúta tó bá kù sínú ẹ̀wà, gbogbo ilé mọ̀ pé tèmi ni. Bí wọ́n bá wá bu oúnjẹ alẹ́, ẹran tèmi kì í ju èékánná lọ. Màá fi í sí etí àwo, màá jẹ ẹ̀kọ tán pátápátá kí n tó kọjú sí i, màá wá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí Kárímù, ọmọ Ìyá Kárímù, á fi máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun kàn lá a. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ayé mi dáa. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbé nìyẹn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ẹni tó lè ru ìkòkò omi láìfọwọ́ dì í mú. Ọjọ́ kan ni ariwo náà ṣàdédé dá. Kò dá fún ẹlòmíì o, èmi nìkan ló dá fún. Mo pẹ́ lódò, Ìyá Àgbà wò mí, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Mo fọ́ àwo, Ìyá Kárímù fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ kó àfọ́kù rẹ̀, wọ́n ní kí n ṣọ́ra kó má gé mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n fi kànìnkànìn tuntun wẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá wẹ̀. Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, wọ́n gbé itan adìyẹ lódindi sínú àwo mi. Itan! Nílé wa, ti bàbá mi ni itan. Kárímù lanu sílẹ̀, kò tilẹ̀ rántí bẹ̀bẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Àǹtí Ráfátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹnu sún mọ́ mi létí, ó ní, "Má jẹ ẹ́." Mo ní kí ló dé, ṣé òun ló fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Ó ní, "Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú Sàlíù, ẹ̀gbọ́n Kárímù, lọ fún alágbàtọ́ ní Òṣogbo, Ìyá Àgbà sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n ní ọmọ tí a kò bá bá wí mọ́, ó ti di àlejò. Mòríámọ̀, má jẹ ẹ́." Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ dé egungun, mo fọ́ egungun náà, mo fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Àǹtí Sàbíátù, tí wọ́n ń ta aṣọ n'Ìbàdàn tí Ọlọ́run kò tíì fún lọ́mọ, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójúde wa. Wọ́n ní a jọ ń lọ wo Ìbàdàn ni, a ó padà. Àwọn aṣọ tí wọn kò rí tà ní Ìwó padà dé Ìbàdàn, àwọn iṣu tí a rù lọ dé ọjà, ọkọ̀ náà padà sí Ìwó. Èmi nìkan ni kò padà.

Mi ò sọ pé wọ́n ṣe mí níkà. Àǹtí Sàbíátù tọ́jú mi, wọ́n rán mi nílé-ìwé dé ibi tí agbára wọn gbé e dé, òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà ni. Wọn kì í sọ fún ọmọ pé ẹlòmíì ló ń lọ tọ́ ọ. Wọ́n á jẹ́ kó jẹun kó yó, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ aṣọ tuntun fún un, wọ́n á ní ìrìn-àjò ni. Gbogbo ilé á mọ̀, ẹnu gbogbo ilé á dì. Ohun tó kù sí mi lára ni pé láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá ṣe mí lóore tí mi ò bèèrè, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò, kí n mọ ẹni tó fẹ́ wọlé wá mú mi. Bàbá Mútíù, ọkọ mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, máa ń fi mí ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá ra léèsì fún mi, wọ́n á ní, "Má bèèrè o, kò sí ẹni tí mo tà ọ́ fún." Àǹtí Ráfátù nìkan ni kò gbà pé mo ti lọ. Gbogbo ọdún Iléyá ló máa ń wọkọ̀ wá bá mi n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, fóònù ló fi ń wá. Àràárọ̀ ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Ìwó, á kọ́kọ́ bú mi kó tó kí mi: "Mòríámọ̀ ọ̀lẹ, ṣé o ti jí?" Bí mi ò bá tíì gbọ́ èébú yẹn, ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Peckham.

Àwọn ọmọ mi méjì ló wà níbí. Mútíù ni àgbà, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Múnírá tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì ni. Wọn kì í wá kí mi pọ̀, torí bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á ti jà kí tíì tó tutù: ilé ta ni a ó ti ṣọdún, ta ló gbé mi lọ rí dókítà kẹ́yìn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, láàárín ọ̀sẹ̀, lọ́sàn-án gangan, àwọn méjèèjì jọ wọlé. Wọ́n jọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo mílíìkì lórí iná.

"Mummy," Mútíù ní, "Múnírá ń mú Sẹ̀nábù lọ holiday, half-term ti dé. Gránádà ni, ní Spain. Ẹ̀yin náà ń bọ̀. Èmi náà ń bọ̀."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ fẹ́ sinmi," Múnírá ní. "Ìlú àtijọ́ ni. Àwọn Mùsùlùmí ló kọ́ ọ láyé ọjọ́un. Ẹ máa gbádùn ẹ̀."

"Tíkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"A ti rà á."

"Ìgbà wo lẹ rà á?"

Mútíù ní, "Láná." Múnírá ní, "Last month." Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n wo ara wọn. Kò sì sí ẹni tó bú ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé mi. Kò dá mi léegun, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Mútíù ti mẹ́nu ba ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, lápá Kennington lọ́hùn-ún. Ó ní líìfùtù wà níbẹ̀, ó ní ọgbà òdòdó wà níbẹ̀. Mo ní kó jáde nílé mi, ó sì jáde. Kò sọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá sì mọ ọmọ tó bí, á mọ̀ pé bí Mútíù kò bá sọ nǹkan mọ́, ó ti ń ṣe é nìyẹn. Páńsá kò fura, páńsá já sínú iná. Èmi fura. Mo ní wọ́n fẹ́ gbé mi rìn jìnnà, kí ọkàn mi rọ̀, bí a bá sì ń bọ̀, ilé mi kọ́ ni mọ́tò máa gbé mi lọ. Tàbí bóyá kí wọ́n tilẹ̀ fi mí sí ọ̀hún.

Mútíù ní kí n mú fóònù mi wá kí òun tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ ní Sípéènì. Ó mú un sápò. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti bàjẹ́, òun ti gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Rye Lane. Mo ní Àǹtí Ráfátù á ti máa wá mi. Ó ní, "Wọ́n mọ̀, Mummy. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ń rìnrìn-àjò." Ìyá Fúnmi tó ń gbé òdìkejì ilé mi, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́, ọ̀rẹ́ mi gidi, wá bá mi níbi tí mo ti ń di ẹrù. Ó dì mọ́ mi, kò sì fi mí sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní, "Alhaja, Ọlọ́run á dúró tì yín." Mo ní ogun ni mò ń lọ ni? Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nu ojú, ó ní ata ló ta sí òun lójú. Mo gbóòórùn yí ká. Kò sí ẹni tó ń dáná nínú ilé wa lọ́jọ́ náà. Mo ní háà, òun náà mọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Mi ò lè purọ́, ìlú náà dára. Orí òkè ni ilé tí a gbà wà, ojú ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó ń yí mi lẹ́sẹ̀. Ilé funfun, ilẹ̀kùn dúdú. Ní òkè kejì ni ààfin pupa ńlá tí àwọn Mùsùlùmí ayé ọjọ́un kọ́ wà, a rí i láti ojú fèrèsé yàrá tí wọ́n fún mi, èyí tó dára jù lọ nínú ilé náà. Omi ń ṣàn nínú gọ́tà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí wọ́n mú wa wọ inú ààfin, mo rí ọ̀rọ̀ kéú lára ògiri, wọ́n gbẹ́ ẹ yí ká bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bàbá mi lára agbádá, ní gbogbo ibi tí ojú lè dé. Àwọn tó kọ ọ́ ti lọ, ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kò sì mọ̀ ọ́n kà. Mo dúró níbẹ̀, mo ronú nípa bí èèyàn ṣe lè kọ́ ilé tó báyìí tán kí wọ́n sì lé e jáde nínú rẹ̀. Múnírá fọwọ́ gbá mi mú léjìká, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ wà okay?" Láti òwúrọ̀ ló ti ń bèèrè. Bí mo bá wúkọ́, á bèèrè. Bí mi ò wúkọ́, á bèèrè.

Ibi oúnjẹ ni mo ti dán wọn wò. Ará Mòrókò kan ló ni ilé oúnjẹ náà, ẹran rẹ̀ sì jẹ́ hàláàlì. Wọ́n gbé adìyẹ wá. Mútíù na ọwọ́, ó mú itan rẹ̀, ó gbé e sínú àwo mi. Mo ní kí n wò ó bóyá mo ṣì jẹ́ èèyàn wọn. Mo ní oúnjẹ náà níyọ̀ jù. Múnírá ní, "Ẹ má bínú, a máa ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀." Mo ní irùngbọ̀n Mútíù dà bí ìgbálẹ̀ ilé ìyàgbẹ́. Mútíù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ ni, Mummy." Mo ní bọ́ọ̀sì tó ń wà, bó ṣe ń wà á ló jẹ́ kí àwọn èrò inú rẹ̀ máa bì. Ó ní, "Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́." Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ da ife tíì mi sórí tábìlì, ó ṣàn bọ́ sí Múnírá lẹ́sẹ̀. Múnírá yìí kan náà tó máa ń bá mi jà pé mo ń da omi sílẹ̀ ní kíṣíìnì, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ Ìyá Fúnmi! Ó mú bébà, ó nu ilẹ̀, ó nu ọwọ́ mi, ó ní kí n má ṣèyọnu.

Sẹ̀nábù, ọmọ rẹ̀, tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Zee, kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Grandma, ẹ ń do too much o. You're actually wilding." Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo rí i. Ọmọ tí a kò bá bá wí mọ́. Mo fi bébà bo itan adìyẹ náà, mo ní mo ti yó.

Yàrá mi ni wọ́n fi Sẹ̀nábù sí, bí ẹ̀ṣọ́. Mo pè é jókòó. "Sẹ̀nábù mi, kí ni àwọn ìyá rẹ ń fi pamọ́ fún mi?"

"Nothing, Grandma."

"Fi Ọlọ́run búra."

Ó wo ilẹ̀. "Grandma, mi ò lè. Mummy máa pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, don't ask me, I'm begging you." Ó wá gbórí lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. A dé iwájú ilé olókùúta ńlá kan, géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, igi ọsàn wà láàárín àgbàlá. Àwọn arúgbó bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá jókòó sínú oòrùn, àwọn míì lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ lé wọn lórúnkún. Wọn kò sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbálẹ̀ tó ń dún níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni. Mútíù ní ká dúró. Ó wọ géètì náà lọ, ó ń bá obìnrin aláṣọ funfun kan sọ̀rọ̀. Obìnrin náà wò wá, ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ní ó parí. Mo jókòó sórí òkúta láàárín ọ̀nà.

Múnírá ní, "Mummy! Kí ló dé? Ṣé ó rẹ̀ yín?"

"Kò rẹ̀ mí. Mi ò wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí sílẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí, kí gbogbo ayé rí ohun tí àwọn ọmọ Mòríámọ̀ ṣe."

"Fi yín sílẹ̀ kẹ̀? Mummy, ọ̀nà ni Brother Mútíù lọ bèèrè!"

"Ẹ ti jẹ́ kí n jẹun. Ẹ ti jẹ́ kí n sùn síbi tó dára. Ẹ gba fóònù mi. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Peckham, ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá mi jà. Ṣé ẹ rò pé ọmọdé ni mí ni? Wọ́n ti ṣe é fún mi rí! Mo ti jẹ ẹran yẹn rí!"

Ohùn mi ti lọ sókè. Àwọn òyìnbó dúró, ẹnì kan gbé ajá rẹ̀ mọ́ra. Mútíù sáré jáde. Ó wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ti ń sunkún. Ọmọ mi, ọkùnrin gàgàrà, tó ti ń hewú, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́ náà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tuntun tó wọ̀. Nígbà tí mo rí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, tí kò dìde, mo mọ̀. Ọmọ kì í dọ̀bálẹ̀ báyẹn nítorí ilé arúgbó.

"Mummy, ẹ forí jì wá. Àǹtí Ráfátù ni. Wọ́n ti jẹ́pè Ọlọ́run."

Mi ò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bèèrè ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jọ wá bá mi ni. Wọ́n kírun tán, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi bí ìṣe wọn, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi fún àwọn, kí omi tó dé wọ́n ti lọ. Wọ́n ti sin wọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ó ní bí àwọn bá tilẹ̀ sọ fún mi, mi ò lè bá a. "Peckham kò sì ṣe é fi yín sí, Mummy. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́. Ẹ ò ní dé ìdí ẹ̀fọ́ ní Rye Lane kí ẹnì kan tó ní ẹ kú ìrọ́jú. A ò fẹ́ kó jẹ́ pé ojú ọ̀nà lẹ ti máa gbọ́."

Mo ní, "Ibo wá lo ti sọ ọ́ fún mi yìí?"

Ó wo ọ̀nà, ó wo ajá, ó wo àwọn arúgbó inú oòrùn.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Òun ló ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí àbúrò Ìyá Fúnmi kú, ta ló fi fóònù rẹ̀ pamọ́? Èmi. Ta ló mú un lọ sí ọjà Brixton láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, tí a ń yẹ iṣu wò tí a kò rà, kí àwọn pásítọ̀ rẹ̀ tó dé? Èmi náà ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í túfọ̀ fún àgbàlagbà lórí ìdúró. A máa ń jẹ́ kó jẹun ná. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn ọmọ mi lọ, mi ò kàn mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ẹran kan náà ni wọ́n fi ń sin ọmọ jáde nílé, òun náà ni wọ́n fi ń di àgbà mú kó má ṣubú. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ló ń bá mi wo àwo náà, kò sì rí ju ohun tó ti rí rí lọ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó kìlọ̀ fún mi ló lọ.

Mo bèèrè ẹni tó wẹ òkú Àǹtí Ráfátù. Múnírá ní Súwébátù, ọmọ wọn, àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsálátù. Mo ní kó dárúkọ wọn. Kò mọ orúkọ wọn. Mútíù fa fóònù mi yọ látinú àpò rẹ̀, kò bàjẹ́ rí, wọ́n pe Súwébátù, mo sì jókòó níbẹ̀ lórí òkúta náà títí ó fi dárúkọ gbogbo wọn tán: ẹni tó da omi, ẹni tó di orí mú, ẹni tó ran aṣọ. Ìgbà náà ni mo tó sunkún. Mo bú Mútíù, ó sì bú mi padà, ó ní, "Ẹ tilẹ̀ rò pé èmi, èmi Mútíù, lè fi yín sí Spain! Mummy, ẹ burú o!" Múnírá ní òun ti sọ fún un pé kí àwọn sọ ọ́ nílé, Mútíù ní irọ́ ni, Múnírá gan-an ló ní kí àwọn kọ́kọ́ wọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n jà láti ibẹ̀ títí dé ilé. Mo fara ti Sẹ̀nábù, mo ń gbọ́ wọn.

Kò sí ẹnì kankan tó kù láyé tó jókòó sídìí oúnjẹ ọjọ́ yẹn àfi èmi. Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró ti lọ, Làmídì Télọ̀ ti lọ, ìyá mi Àṣàkẹ́, Ìyá Kárímù, Kárímù fúnra rẹ̀. Sàlíù tí wọ́n ti mú lọ sí Òṣogbo ṣáájú ọjọ́ náà pàápàá ti lọ. Títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá sọ pé adìyẹ ni, ẹnì kan wà ní Ìwó tó lè ní irọ́ ni, awó ni. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n ra ìyẹ̀fun, ṣúgà, ìwúkàrà àti òróró fún mi. Mútíù ní, "Mummy, tá a bá dé Peckham, a máa ṣe sàráà ní mọ́sálásí." Mo ní ibi tí mo ti gbọ́ ni mo ti máa ṣe é. Mo po ó, mo jẹ́ kó wú, mo din mọ́sà kún abọ́ ńlá kan, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé funfun náà. Èmi àti Sẹ̀nábù gbé e lọ sí gbàgede tó wà nísàlẹ̀, a fi bébà wé e ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mo na án sí obìnrin kan tó ń ti ọmọ lọ nínú kẹ̀kẹ́, ó mi orí, ó yára kọjá. Ọmọbìnrin kékeré kan gba tiẹ̀, ìyá rẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú abọ́, ó ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin kan rò pé mò ń tà á, ó ní kò lówó. Sẹ̀nábù ń tì mí, ó ní, "Grandma, àwọn èèyàn kì í gba food lọ́wọ́ stranger níbí. They think it's dodgy." Mo ní mo mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Mo ní ká dúró.

Ọkùnrin kan tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó to báàgì obìnrin sórí rẹ̀. Èèyàn dúdú ni, Mùsùlùmí bíi tèmi, Sẹ̀nẹ̀gàlì ló ti wá. Ó ti ń wò wá látòkèèrè. Ó dìde, ó wá bá wa, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò, ó fi méjèèjì gbà á. Kò jẹ ẹ́. Ó bá Sẹ̀nábù sọ Faransé tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé-ìwé, ó ní ta ló kú? Sẹ̀nábù sọ fún un. Ó súfèé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ta awò ojú àti ìgbànú fi ọjà wọn sílẹ̀ wá bá wa. Wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí n sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní Ráfátù, ọmọ Làmídì. Wọ́n pè é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pè é, gbogbo wọn, lójú àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ṣe àmín. Ó tún bi Sẹ̀nábù ní nǹkan kan. Sẹ̀nábù ní, "Grandma, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ nílé wa. Mo ní kó sọ fún un pé nígbà tí wọ́n bí mi, ó ti tó ẹni tó lè pọ̀n mí.